Káàdì Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Fi Ránṣẹ́

Ọkọ mi kì í sọ pé nǹkan kò dára. Bí mo bá se ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ lè sọ odò di òkun, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò nu ẹnu, yóò ní, "O ṣé o, ìyàwó mi, ọbẹ̀ yìí dùn." Ọjọ́ kejì ni màá gbọ́ lẹ́nu ará ilé kejì pé ọkọ mi wá bu omi mu lọ́dọ̀ wọn títí àmù fi gbẹ, ó sì jókòó ó sọ ìdí tí òùngbẹ fi ń gbẹ òun. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Nílé wọn ní Òsi, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba ohun tí àgbà bá fún ni. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tó mú un wá, wọn kì í ní ó kéré, wọn kì í ní ó tóbi. Bó jẹ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì ni, wọn á wọ̀ ọ́, wọn á dúpẹ́, wọn á máa tiro lọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé náà, mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ìyá tó bí mi náà ní mo rí ọkọ fẹ́. Kò purọ́, àmọ́ òun kọ́ ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí ló da àárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo rú. Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí, tó ń ta páànù àti ìṣó ní Ìlọrin, ló wá pín oko. Ó mú ẹ̀bá odò, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tí iṣu sì máa ń ta dáadáa. Ó fún ọkọ mi ní apá òkè, lójú ọ̀nà Òkè-Ọ̀pin, níbi tó jẹ́ pé bí ọkọ́ bá kan ilẹ̀, iná ló ń ṣẹ́. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa." Nígbà tó dé ilé, ó sọ fún mi pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó sọ fún ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlọ́fà. Ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, ó sọ fún lèmọ́mù, ó sọ fún ẹni tó ń gé irun rẹ̀. Gbogbo ẹni tó létí ní àdúgbò wa ló gbọ́, àfi ẹni tó pín ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé Ìlọrin, ó ti sanra lójú ọ̀nà: wọ́n ní ọkọ mi ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní olè. Bàbá Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, fi ìbínú búra pé òun kò ní tẹ ilé bàbá àwọn ní Òsi mọ́.

Ẹni tí ìjà náà dun jù ni ìyá wọn. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Bó bá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa lọ́dún kan, á ṣe tọdún kejì ní Ìlọrin, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Bó bá wà lọ́dọ̀ wa, á gbé ẹran síwájú, á máa wo ọ̀nà. Wọ́n sọ fún mi pé ní Ìlọrin náà, ọ̀nà ló ń wò. Àdúrà kan náà ló ń gbà lẹ́yìn gbogbo ìrun, ó sì máa ń gbà á sókè kí ọkọ mi lè gbọ́: kí Ọlọ́run má ṣe pa òun kí òun tó rí àwọn ọmọ òun méjèèjì tí wọ́n jọ bu òkèlè nínú abọ́ kan. Ọkọ mi á dáhùn, "Àmín, ìyá mi." Kí ló tún fẹ́ sọ?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ ilé wa. Ó ku díẹ̀ kí ọ̀rúndún parí, gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù ló sì ń sọ pé ẹni tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà kò ní ríṣẹ́ ṣe mọ́ lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n kó àwọn ọkọ mi lọ kọ́ ọ fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù ní Ìlọrin lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ra màlúù lọ́dọ̀ alápatà: lónìí ẹsẹ̀, lọ́la orí. Ó ní ìwé ìdánwò ni òun fẹ́ máa fi bá mi tẹ̀, nítorí olùkọ́ ìṣirò ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo dúpẹ́. Títí di òní, mi ò rí ìwé ìdánwò kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà náà tẹ̀. Gémù bọ́ọ̀lù ló wà fún. Ọkọ mi, tí kò lè sáré dé ìdí ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa kó má mí gúlegúle, di agbábọ́ọ̀lù.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò lágbára. Bọ́ọ̀lù á ti wọ inú àwọ̀n kí ẹni tó gbá a tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò lójú, wọn kò nímú. Orí wọn dà bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ kò hó. Ọkọ mi ṣàlàyé fún mi pé káàdì àwòrán ló fà á. Nínú kọ̀ǹpútà, pátákó ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní mọ́dábọ́ọ̀dù, òun ni gbogbo nǹkan yòókù jókòó lé. Àwọn ihò tóóró wà lára pátákó yìí, wọ́n tò lọ bí ebè. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ tó fi ń wọ inú ihò tirẹ̀: èyí tó ń mú ohùn jáde ní tirẹ̀, èyí tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀ náà ní tirẹ̀. Pátákó tiwa ní ihò dúdú gígùn fún àwọn káàdì àtijọ́, ó ní funfun kúkúrú fún àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, bó ti mọ nìyẹn. Káàdì àwòrán tó wà nínú ihò funfun kan níbẹ̀ ti darúgbó. Ọkọ mi ní bí òun bá lè rí tuntun, koríko orí pápá pàápàá yóò hàn. Mo ní koríko ẹ̀yìnkùlé wa ti hàn, ó sì ń dúró de ẹni tí yóò ro ó.

Ìyá ọkọ mi wá lọ sí Ìlọrin lọ kí ọmọ rẹ̀. Ìyá tó ń wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbà rẹ́, kò sí ohun tí kò lè sọ di ọ̀rọ̀. Ó sọ fún Bàbá Ìlọrin pé àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀rọ kan, pé ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, pé wọ́n ní káàdì kan ni yóò wò ó sàn. Ó sọ ọ́, ó sì padà wálé. Kò pẹ́ sígbà náà ni awakọ̀ kan tó ń ná Ìlọrin sí Òsi dúró níwájú ilé wa, ó gbé páálí kan lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá Ìlọrin ní kí n gbé e fún àbúrò àwọn. Wọ́n ní kí ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá ṣe Iléyá níhìn-ín, kí àwọn wá fi ojú ara àwọn rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́."

Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ọmọ mi í bọ̀ ulé," ló ń wí, "ọmọ mi í bọ̀ ulé." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín ilẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n dé ọ̀dọ̀ àbúrò àfi èébú. Omi bọ́ lójú èmi náà, mi ò ní parọ́.

Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gba páálí, ó gbé e wọlé, ó ṣí i. Káàdì náà rẹwà. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí yóò máa fẹ́ ẹ bí ọba. Ọkọ mi ṣí ikùn kọ̀ǹpútà, ó yọ ògbólógbòó káàdì kúrò, ó gbé tuntun lé ihò funfun. Kò wọ̀. Ó gbé e lé dúdú. Kò wọ̀. Ó padà sórí funfun, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ṣe bísímílà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Pátákó náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ní kó fi sílẹ̀ kí n wò ó. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ọgbọ́n: ibi tí wọ́n ti gé àlàfo sí ẹsẹ̀ káàdì náà kì í ṣe ibi tí ihò tiwa ti ní ìdènà. AGP ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, oríṣi tuntun tó ń lo ihò aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó máa ń dá dúró lórí pátákó. Pátákó tiwa ti dé ayé kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ihò bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìlọrin wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó dára jù, wọ́n sì fún un ní èyí tó dára jù. Bí òun ṣe ń ra àgbò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bèèrè irú ihò tí àbúrò rẹ̀ ní nílé.

"Kò wọ̀," ni mo wí.

"Yóò wọ̀."

"Baálé mi, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò lè wọ̀ láéláé. Awakọ̀ ṣì wà níta. Ẹ jẹ́ kó gbé e padà, kí ẹ̀gbọ́n yín bá wa fi pààrọ̀ èyí tó ní ẹsẹ̀ PCI, òun ló bá ihò funfun wa mu. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọn yóò ti rí i."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó gbá lèmọ́mù létí. "Kí n dá ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n mi padà? Àkọ́kọ́ tó fún mi láti ìgbà tí a ti jà? Kí n ní kò dára?"

"Mi ò ní kò dára. Mo ní kò wọ̀."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Mo ń wá ọ̀nà tí màá gbà ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún ẹni tó ti lọ sílé ìwé gíga nígbà tí awakọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ lọ, kí ni kí òun sọ fún wọn ní Ìlọrin? Ọkọ mi jáde sí i tẹ̀rín-tọ̀yàyà. "Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ẹ ní ó dà bí ẹni pé wọ́n wá wọn ihò náà kí wọ́n tó ra káàdì." Ẹni tó bá fẹ́ purọ́, ó yẹ kó mọ ibi tí yóò ti dúró. Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀ràn náà ṣe le tó: lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnì kan bá fún ọ láṣọ ọdún, wàá wọ̀ ọ́ kó fi ojú rẹ̀ rí i. Bí o kò bá wọ̀ ọ́, ẹni náà lo kọ̀, kì í ṣe aṣọ. Bàbá Ìlọrin kò bọ̀ nítorí gémù. Ó ń bọ̀ wá wò ó bóyá àbúrò òun gba òun padà. Bó bá dé tí kò bá káàdì rẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, yóò yí mọ́tò rẹ̀ padà, àdúrà ìyá wọn á sì tún di ti ọdún tó ń bọ̀, bó bá ṣe pé ọdún tó ń bọ̀ wà fún un. Ara ìyá náà kò le mọ́. Òun nìkan ni kò jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín tó bí mo ṣe fẹ́.

Ọkọ mi gba Ìlọ́fà lọ, ó sì mú ọkùnrin kan wá tó kọ "Ẹnjiníà Kọ̀ǹpútà" sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, rédíò ló ń tún ṣe. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rédíò, kọ́kọ́rọ́ ló ń gbẹ́. Ó wo káàdì, ó wo ihò, ó mi orí bíi dókítà. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó wá fa irin tó fi ń ha kọ́kọ́rọ́ yọ nínú àpò. Ó ní òun yóò ha ẹsẹ̀ káàdì náà díẹ̀ níhìn-ín, òun yóò là á díẹ̀ lọ́hùn-ún, pé kò sí ihò tí òun kò lè mú nǹkan wọ̀ láyé.

"Ẹ ṣé, Ẹnjiníà," ni ọkọ mi wí.

Mo dìde, mo dúró sáàrin irin àti káàdì. Mo ní bó bá ń wá nǹkan tí yóò ha, kó lọ ha ìdí ìkòkò mi tó jóná. Ìyá ọkọ mi tó wà lórí ẹní nítòsí gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ha nǹkan, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀bùn ọmọ mi lo fẹ́ gé? Nínú ulé yìí?" Ọ̀rọ̀ gígé parí síbẹ̀.

Ẹnjiníà kò bínú. Ọgbọ́n rẹ̀ kejì ló wá jẹ́ pabanbarì. Káàdì bẹ́ẹ̀ ní irin pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ẹ̀yìn àpótí kọ̀ǹpútà, ara irin náà sì ni ojú tí wáyà mọ́nítọ̀ ń wọ̀ wà. Ó dá ògbólógbòó káàdì padà sínú ihò funfun rẹ̀. Ó de irin ti tuntun mọ́ àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gé páálí bisikíìtì, ó fi tẹ́ abẹ́ káàdì tuntun kó má baà kan pátákó, ó sì pa ikùn kọ̀ǹpútà dé. Káàdì Bàbá Ìlọrin wà nínú kọ̀ǹpútà lóòótọ́. Kò kàn fara kan ihò kankan ni. Ó wà níbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n ní kó wọlé tí wọn kò fún ní àga. Ẹni tó bá yọjú wo ẹ̀yìn àpótí yóò rí irin rẹ̀ tó ń dán.

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. "Ó ti wà nínú rẹ̀ báyìí."

"Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní kí ẹ tan án ńkọ́?"

"Iná kì í sí lásìkò ọdún."

Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé gbogbo nǹkan ti bọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ti kírun àárọ̀ tán, á wá sí pálọ̀, á gbé ọwọ́ lé orí àpótí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń súre fún ọmọ, á ní kó má ṣe dójú ti òun. Mo máa ń kúrò níbẹ̀ tó bá dé. Inú ń bí mi, n kò sì rí ẹni tí màá kọ ìbínú náà sí.

Bàbá Ìlọrin dé lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, ó fa àgbò kan sọ̀kalẹ̀ tó ń wo gbogbo wa bí ẹni pé òun ló ni ilé. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú yanrìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Dìde." Wọ́n wá dúró ṣe bí igi. Èmi kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi, a ti ń retí yín." Ìyá wọn di ọwọ́ àkọ́bí rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí Bàbá Ìlọrin ṣe mu omi tán, kọ̀ǹpútà ló bèèrè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí irin tó ń dán. Ojú àgbàlagbà náà tàn bí ojú ọmọdé. "Òun nìyẹn," ó wí, "mo rí i." Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo àjà.

Iná kò sí lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí yídì. Lèmọ́mù gbàdúrà fún ìlú, fún òjò, fún àwọn arìnrìn-àjò, ó sì ní kí Ọlọ́run fi ọwọ́ tọ́ ọkàn àwọn oníná kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí a ṣe ọdún nínú òkùnkùn. Gbogbo yídì hó àmín. Mo mọ ẹnì kan nínú sàfù àwọn ọkùnrin tí kò ṣe àmín sí ìyẹn.

Àdúrà ìlú borí tirẹ̀. A ti pa àgbò, a ti sè, mo ti gún iyán. Mo gbé abọ́ kan ṣoṣo síwájú àwọn ọmọ ìyá méjèèjì ní pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ṣe pàṣẹ. Ìyá wà láàrin wọn, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n ti fọ ọwọ́. Bàbá Ìlọrin ti na tirẹ̀ sí iyán. Ibẹ̀ ni gílóòbù orí wa tàn. Gbogbo àdúgbò hó yèè.

Bàbá Ìlọrin fa ọwọ́ padà. "Iyán kò sá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù."

Ọkọ mi tan án bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Àwọn elórí-ẹ̀bà jáde, wọ́n ń fò fẹ̀rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn láìgbé ẹsẹ̀. Bàbá Ìlọrin wò ó títí.

"Ẹni tó tà á fún mi ní koríko yóò máa hàn."

"Koríko náà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni ọkọ mi wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ó ni."

Ọkùnrin tó ti ń tajà ní Ìlọrin láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè jẹ ìyẹn. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn àpótí, ó tọ wáyà mọ́nítọ̀ lọ. Ara ògbólógbòó káàdì ló bá a. "Wáyà yìí kò sí lára tèmi," ó wí. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, ó ti fà á yọ, ó ti kì í bọ ojú káàdì tirẹ̀. Mọ́nítọ̀ di dúdú.

"Ó ń sinmi," ni ọkọ mi wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti àpótí náà, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ ò so ó mọ́ nǹkan kan. O gbà á lọ́wọ́ mi, o dè é síbi tí màá ti rí i, o ò sì jẹ́ kó fara kan nǹkan rẹ. Kí lo rò pé mo fi sí i? Oògùn?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ọmọ ìyá mi rò pé mo fẹ́ pa òun." Ó na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀ lórí àga. Ìyá wọn ń pè é, "Jókòó, ọmọ mi, jókòó," kò gbọ́. Ọkọ mi ti wà nílẹ̀ gbalaja, ó ń sọ ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìgbà tí mo gbọ́ "ẹ ṣé" yẹn ni ara mi gbiná. Mo mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì. Wọ́n kọ́ mi nílé wa, wọ́n sì tún un kọ́ mi ní Òsi. Mo jáde láàrin wọn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kò wọ̀!" ni mo ké. "Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ọkọ mi, káàdì tí ẹ rà kò wọ ihò kọ̀ǹpútà wa, àbúrò yín kò sì lè la ẹnu sọ ọ́ fún yín. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín."

Mo yọ wáyà iná, mo ṣí ikùn kọ̀ǹpútà, mo tú káàdì náà, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Bàbá Ìlọrin wò mí, ó wo ọkọ mi tó ṣì wà nílẹ̀. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú agbádá ọdún rẹ̀. Ó gbé káàdì lé ihò funfun. Ó gbé e lé dúdú. Ó padà sórí funfun, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ṣe bísímílà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́. Nígbà tó yá, ó mú páálí bisikíìtì inú àpótí jáde, ó yí i síwá-sẹ́yìn, ó gbé e sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé kò wọ̀?"

"Ọjọ́ tó dé," ni ọkọ mi wí.

"O ránṣẹ́ sí mi pé ó wọ̀ rẹ́gí."

"Ẹ̀bùn yín ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Bàbá Ìlọrin gbé káàdì náà lé itan. Mo rò pé yóò tún mú fìlà. Àmọ́ ó ní, "Ilẹ̀ ńkọ́?"

Ọkọ mi tún dojú kọlẹ̀.

"Mo ní ilẹ̀ tí mo fún ọ ńkọ́? Èmi ni kí o sọ fún. Má tún lọ sọ fún ọlọ́kadà."

Ọkọ mi dìde jókòó. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kó wo àgbà kan lójú bẹ́ẹ̀ rí. "Àpáta ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kò hu nǹkan kan. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an."

"Mo mọ̀ pé àpáta ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Èmi àti bàbá la jọ gbin àgbàdo síbẹ̀ tí kò hù. Ojúkòkòrò mú mi, mo fẹ́ ẹ̀bá odò. Mo ní bí o bá ti kọ̀, màá gé níbẹ̀ fún ọ. Mo dúró, mo ń retí kí o kọ̀. O ní 'ẹ ṣé.' Mo mú ẹ ṣé rẹ, mo bá tèmi lọ."

Ó yẹ kí inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ti jáde. Inú mi kò dùn. Mo ń wo iyán tó ń gan nínú abọ́, mo ń ronú gbogbo ọdún tó ti lọ báyìí. Ìyá wọn wo èyí ẹ̀gbọ́n, ó wo èyí àbúrò, ó tún padà wo èyí ẹ̀gbọ́n.

"Ìwọ mọ̀ pé ulẹ̀ ọ̀ún kò dáa," ó wí. Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ìwọ náà mọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀. Èmi nìkan li mo í sunkún lọ Ìlọrin, tí mo í sunkún bọ̀ ulé."

Bàbá Ìlọrin gbé káàdì kúrò lórí itan rẹ̀, ó na gbogbo gígùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, tòun tagbádá. Ọkọ mi na tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá wọn kò tètè ní kí wọ́n dìde.